Ohun tí Alágbọ̀n Sọ ní Ìdí Rélùwéè

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹfà

A ti dé láti ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Òjò pa wá lọ, ó pa wá bọ̀. Dókítà ní ojú ọ̀tún Màámi ti lọ pátápátá, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Ti òsì, awọ funfun ló bò ó. Tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí oṣù keje tó parí, yóò tún ríran. Tí a bá jáfara, òun náà á bá ìkejì rẹ̀ lọ. Ó fi Yorùbá tó já geere sọ ọ́, kò sí ẹni tí kò yé nínú wa. Màámi dìde, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n ní, "Dókítà, ẹ ṣeun. Olúwa á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Mi ò ṣe."

Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí."

Wọ́n ní, "Ojú ta ni à ń sọ gan-an, tèmi àbí tìẹ?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Láti Fádèyí títí dé ilé, mo fajú ro, àmọ́ wọn ò mọ̀ pé mò ń bínú nítorí wọn ò rí mi. Òṣì ni kéèyàn máa bínú sí ẹni tí kò ríran.

Ọjọ́rú, 4

Mo ti bẹ̀, mo ti jágbe. Dọlápọ̀ àbúrò mi pè láti Ìbàdàn, òun náà bẹ̀. Pásítọ̀ wá, ó gbàdúrà, ó bẹ̀. Màámi ní ẹ̀gbọ́n àwọn gbé ojú kan tó ń ríran wọ ilé ìwòsàn nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì jáde láìríran rárá. Mo ní ìyẹn ti lé ní ogójì ọdún, ayé ti yàtọ̀. Wọ́n ní ojú ẹ̀gbọ́n àwọn ò gbọ́ pé ayé ti yàtọ̀ títí tó fi wọlẹ̀.

Ọmọ ọgọ́rin ọdún ló kù díẹ̀ kí wọ́n jẹ́, ẹnu wọn ṣì mú bí abẹ.

Rìímù bébà ti tún gbówó lórí ní Ṣómólú. Ẹni tí mo tẹ káàdì ìgbéyàwó fún dá gbogbo rẹ̀ padà, ó ní orúkọ bàbá ìyàwó tóbi ju ti bàbá ọkọ lọ. Mo máa tún un tẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Ohun kan ṣẹlẹ̀. Níní ọmọ mi wálé láti Akọkà, ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní olùkọ́ àwọn ní kí àwọn wo fíìmù kan, fíìmù Amẹ́ríkà ayé ọjọ́un, dúdú àti funfun. Bí orin rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, orin onígòjé rẹpẹtẹ yẹn, Màámi tó ti ń tòògbé lórí àga ta gìrì.

"Níní, ṣé ti àtijọ́ nìyẹn? Ti àwọn onírun dídán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá àgbà. Ẹ mọ̀ wọ́n ni?"

"Èmi? Ìyàwó Gbádégẹṣin lo ń bi bóyá ó mọ sinimá?"

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Mo ti ń gbọ́ fìrífìrí ìtàn yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n tòní kún. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá wọn ní Bàrígà ni wọ́n ń gbé nígbà náà, ẹni tó jẹ́ díákónì nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, tó sì ka sinimá sí ààfin èṣù. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Ṣómólú. Gbádégẹṣin Ògúntádé, Baàmi, ń kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní òdìkejì títì. Tó bá di ọ̀sán Sátidé, Màámi á ní àwọn ń lọ ra òwú, wọ́n á sì pàdé Baàmi lẹ́nu ọ̀nà sinimá. Màámi ò gbọ́ Òyìnbó, wọn ò gbọ́ ọ títí dòní. Baàmi ló ń túmọ̀ ohun gbogbo sí wọn létí nínú òkùnkùn. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ọkùnrin tó bá mú ọ lọ sí sinimá, òun ni yóò túmọ̀ fún ọ. Èyí tí kò bá lè túmọ̀ kò tíì tó ọkọ.

Fíìmù tí wọ́n fẹ́ràn jù ni èyí tí gbogbo Ṣómólú ń pè ní Onífìlà Funfun. Àkítọ̀ rẹ̀ ni ọkùnrin gíga kan tí àgbọ̀n rẹ̀ là sí méjì, Alágbọ̀n ni wọ́n sì ń pè é. Kọ́là aṣọ obìnrin onífìlà náà dúró ṣánṣán. Ojú ni Màámi fi wọ̀n ọ́n nínú sinimá, wọ́n délé, wọ́n gé e, kò sì sí ìyàwó tuntun tí kò wá rán irú rẹ̀ ní Bàrígà lọ́dún yẹn.

Wọ́n wá mí kanlẹ̀. "Ká ní mo lè tún fojú rí Alágbọ̀n."

Mo gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ Alágbọ̀n ló máa gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà, màá wá Alágbọ̀n rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Kò sí ẹni tó mọ fíìmù tó ń jẹ́ Onífìlà Funfun. Níní ní àwọn ará Ṣómólú ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, àwọn tó bí i ò mọ̀ sí i. Ó wá a títí lórí fóònù, fìlà àwọn alásè òtẹ́ẹ̀lì ló ń rí.

Ọjọ́bọ̀, 12

Ìjọba fún wa ní ìsinmi, mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ sí Bàrígà lọ bá Alájì Sùrájù, ọ̀rẹ́ Baàmi, ẹni tó ń yí fíìmù ní sinimá náà nígbà èwe rẹ̀. Sinimá ọ̀hún ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹran Iléyá gbígbẹ ni wọ́n fi ṣe mí lálejò, ó le, ó dùn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní "Onífìlà" ni, Alájì ti fi ẹnu kọ orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì sọ orúkọ tí Òyìnbó sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní oríṣiríṣi fíìmù ló gba ọwọ́ àwọn kọjá, ti ará Íńdíà, ti àwọn tó ń ta ẹsẹ̀ lójú òfuurufú, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí àwọn bá gbé Onífìlà síta, inú sinimá ń kún dé ẹnu ọ̀nà.

Mo ní, "Kí ló dé, Alájì?"

"Wọn kì í kánjú, ọmọ mi. Tí Alágbọ̀n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìfẹ́, á kọ́kọ́ ṣí fìlà. Á wo obìnrin yẹn. Á tún un wò. Kó tó lanu, ìwọ tó jókòó ti gbà fún un."

Ọjọ́ Àìkú, 15

Níní rí i! Ó pè mí pé kí n wá wo bàbá arúgbó tí mò ń lé kiri. Alágbọ̀n sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó ṣí fìlà, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. Níní lọgun. "Mọ́mì, ẹ gbà mí o, bọ̀bọ́ yìí fresh gan-an!"

Mo ní bọ̀bọ́ wo, ọkùnrin tó ti kú kí wọ́n tó bí ẹ. Ó ní ìyẹn ò kan òun.

Ká sọ tòótọ́, èmi náà tún apá ibẹ̀ wò nígbà tí Níní lọ wẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21

Ẹnu mi ló kó bá mi.

Gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Iná wà, òjò ò rọ̀, mo din dòdò. Mo tan Onífìlà, mo jókòó ti Màámi, mo ní èmi ni màá túmọ̀. Inú wọn dùn, wọ́n tilẹ̀ wé gèlè. Mo sì túmọ̀ o, mi ò fo gbólóhùn kan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í já mi ní koro. "Rárá, bàbá Alágbọ̀n nìyẹn." Mo ní ọ̀gá rẹ̀ ni. "Kò sọ bẹ́ẹ̀." Mo ní ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí rélùwéè dé. Obìnrin onífìlà fẹ́ wọkọ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Alágbọ̀n ṣí fìlà. Mo ní, "Ó ní òun ti níyàwó nílé tẹ́lẹ̀, ṣe ni òun ń tan obìnrin yìí jẹ. Ó ní kó máa lọ, kó gbàgbé òun."

Màámi ní, "Ta ló níyàwó nílé?"

"Alágbọ̀n ni, Màámi."

"Irọ́ ni."

"Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo gbọ́ Òyìnbó."

Wọ́n ní ayọ̀ ló ń pa obìnrin yẹn lẹ́kún. Wọ́n ní Alágbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé òun máa fẹ́ ẹ ni, ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé e lọ sílé kó lè sọ fún àwọn òbí rẹ̀. Bí Baàmi ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún wọn nìyẹn, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àwọn náà sì wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sọ fún tiwọn.

Ibi tó yẹ kí n ti dákẹ́ nìyẹn. Mo wá ní, "Màámi, Baàmi ò sọ òótọ́ fún yín."

Wọ́n ní kí n pa fíìmù náà. Wọ́n fọwọ́ tọ ògiri wọ yàrá lọ. Dòdò tutù síbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24

Màámi ò bá mi sọ̀rọ̀. Tí mo bá dárúkọ dókítà, wọ́n á gbé orin ìyìn.

Ọjọ́ Ẹtì, 27

Mo tún lọ bá Alájì lẹ́yìn Jímọ̀. Mo ro ẹjọ́ mi fún wọn, mo ń retí kí wọ́n gbè mí. Alájì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn.

"Ìwọ rò pé ẹnì kan nínú wa gbọ́ Òyìnbó afimúsọ yẹn? Gbádé gbọ́ 'yẹ́ẹ̀sì sà', ó gbọ́ 'gúdù mọ́nìn', ó parí. Láti ibi tí mo ti ń yí fíìmù, mo máa ń gbọ́ gbogbo wọn. Ní ìlà ìjókòó kan Alágbọ̀n jẹ́ ṣọ́jà, ní ìlà kejì ó jẹ́ ọmọ ọba, lẹ́yìn pátápátá ó ń ta kòkó. Fíìmù kan náà ni o."

Mo ní, "Wọ́n kàn ń parọ́ fún àwọn obìnrin yẹn ni?"

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. "Ojú ń ti àwa ọmọkùnrin ìgbà yẹn, Rẹ̀mí. Ohun tí a ò lè fi ẹnu ara wa sọ, a máa ń fi sẹ́nu Alágbọ̀n. Bàbá rẹ ò ní ilé, kò ní kẹ̀kẹ́, díákónì ò fẹ́ fojú rí i. Ìdí rélùwéè yẹn nìkan ló rí fi bẹ ìyá rẹ. Ìwọ wá lọ sọ fún obìnrin pé ọkọ rẹ̀ ní òun níyàwó nílé!"

Mo fọwọ́ bojú níbi tí mo jókòó sí. Ọmọ tó gbọ́ Òyìnbó ni mí lóòótọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù keje

Mo kúnlẹ̀ bẹ Màámi láàárọ̀ yìí. Mo ní ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ tọ̀nà, bí Baàmi ṣe túmọ̀ rẹ̀ ló rí.

Wọ́n ní, "Dìde, má fi irọ́ kún un. O rò pé mi ò mọ̀? Bàbá rẹ ò gbọ́ Òyìnbó jù mí lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi wo fíìmù yẹn, ọ̀rọ̀ Alágbọ̀n ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo kàn ń dúró de ìgbà tó máa sọ èyí tí mo fẹ́ gbọ́."

"Kí ló wá dùn yín nígbà náà?"

Òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Ohùn rẹ ni. Tí orin yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, ohùn tirẹ̀ ni mò ń gbọ́. O wá fi tìẹ bò ó mọ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ojú mi ti ṣú ni mo ti ń gbọ́ ọ dáadáa, ju ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín lọ. Bí inú sinimá ló rí fún mi. Ẹ̀yin wá fẹ́ tanná. Tí wọ́n bá tanná ní sinimá, ṣé o mọ ohun tó kàn? Oníkálùkù á dìde, á máa lọ."

Gbogbo ìgbà yìí, abẹ dókítà ni mo rò pé ó ń bà wọ́n lẹ́rù. Mo sunkún, ojú ò tì mí láti kọ ọ́ síbí. Mo bá wọn yọ egungun ẹja, a jẹun.

Ọjọ́rú, 9

Omi wọ ṣọ́ọ̀bù. Káàdì ìgbéyàwó yẹn, èyí tí mo tún tẹ̀, ló rin jù. Dókítà pè, ó ní ọjọ́ ń lọ. Mo ní mo mọ̀. Mi ò lè fi ipá mú ìyá mi kúrò lọ́dọ̀ bàbá mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọpẹ́ ni fún ọmọ mi.

Níní wálé, ó lọ jókòó sẹ́sẹ̀ Màámi, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ túmọ̀ Onífìlà fún mi. Ti Bàbá àgbà ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ ti Mọ́mì." Ó tan fíìmù náà, ó dín ohùn rẹ̀ kù.

Mi ò mọ̀ pé Màámi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí obìnrin, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò bá àwòrán mu. Wọ́n ń ja ìjà Alágbọ̀n nígbà tí obìnrin náà ń bu tíì. Wọ́n ní Alágbọ̀n ti kúnlẹ̀, ajá ló sì ń kọjá lójú fíìmù. Níní ò lè mú ẹ̀rín mọ́ra. "A ò tíì débẹ̀, Màmá àgbà." "Ibo la dé?" "Wọ́n wà nílé ìdáná." Wọ́n á padà sẹ́yìn, wọ́n á tún sáré kọjá. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti ìdí rélùwéè, Níní fọwọ́ kàn wọ́n lórúnkún jẹ́jẹ́, ó ní ilé ìdáná náà la ṣì wà.

Màámi na ọwọ́ síbi tí ohùn fíìmù náà ti ń wá. Ẹ̀rín Níní tán.

Wọ́n ní, "Mi ò lè túmọ̀ ohun tí mi ò rí." Wọ́n tún ní, "Bí mi ò bá sì sọ ọ́ fún ọmọ yìí, ta ni yóò sọ ọ́ fún un? Ìyá rẹ̀ tó ní ọkùnrin níyàwó nílé?"

Wọ́n yíjú sí ọ̀dọ̀ mi.

"Tó bá jẹ́ pé ohùn bàbá rẹ máa lọ, kó lọ. Kí n ṣáà rí i sọ fún ọmọ yìí kó tó lọ. Rẹ̀mí, pe dókítà rẹ."

Wọn ò tíì pe dókítà tán lẹ́nu tí fóònù fi wà létí mi.

Ọjọ́bọ̀, 24

Wọ́n ti ṣe é. Báńdéèjì wà lójú wọn, wọ́n ń sùn. Kí wọ́n tó gbé wọn wọlé, wọ́n di ọwọ́ mi mú pinpin, ọwọ́ wọn tutù. Tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn bá ṣẹlẹ̀ sí wọn, èmi ni mo fà á. Olúwa, má jẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 25

Wọ́n ṣí i. Màámi ṣẹ́jú, ṣẹ́jú, wọ́n wá tẹjú mọ́ mi fún ìgbà pípẹ́.

Wọ́n ní, "Rẹ̀mí, o mà ti sanra o."

Mo bú sẹ́kún níwájú dókítà, níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, níwájú gbogbo ẹni tó ń dúró.

Ọjọ́rú, 30

Màámi ń rí ohun gbogbo báyìí. Wọ́n rí eruku lórí fáànù, wọ́n rí ewú lórí mi, wọ́n ní aṣọ fèrèsé mi dọ̀tí. Ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní kí n má tíì tanná. Wọ́n á jókòó, wọ́n á di ojú, wọ́n á gbọ́rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń gbọ́ Baàmi.

"Mi ò tíì mọ̀," wọ́n ní. "Ojú yìí ń pariwo jù."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù kẹjọ

Dókítà ní wọ́n lè wo fíìmù níwọ̀nba. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti wọ léèsì. Níní gbé láptọ́ọ̀pù kalẹ̀, mo fa aṣọ fèrèsé bo oòrùn, àwa mẹ́ta jókòó.

Alágbọ̀n sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Màámi sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó dáadáa. "Òun nìyí? Gbádé dára jù ú lọ." Obìnrin onífìlà jáde, wọ́n ní kọ́là yẹn ṣì dára, ṣùgbọ́n etí ìsàlẹ̀ aṣọ rẹ̀ ò gún, aránṣọ rẹ̀ kánjú. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀. Lónìí, ọ̀rọ̀ bá ẹnu mu. Alágbọ̀n lanu, Baàmi sọ̀rọ̀. Ọmọ atẹ̀wé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò ní ilé, ọ̀gá àgbà ìlú ò sì fẹ́ rí i nítòsí ọmọ òun. Níní gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, kò gbójú kúrò. Èmi tí mo mọ ohun tí Òyìnbó ń sọ níbẹ̀, mo gbàgbé rẹ̀.

Ìdí rélùwéè dé. Mo fà sún mọ́ wọn, mi ò fẹ́ kí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan bọ́. Obìnrin náà ń sunkún. Alágbọ̀n ṣí fìlà, ó wò ó, ó tún un wò.

Màámi ò sọ̀rọ̀. Ojú wọn là sílẹ̀ kedere, ó wà lára Alágbọ̀n, ètè wọn sì ń mì. Mo rò pé ohùn Baàmi ti lọ.

Wọ́n ní jẹ́jẹ́, "Ó wà níbẹ̀."

Wọ́n wá tẹ̀ sọ́dọ̀ Níní, wọ́n fọwọ́ bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, wọ́n sọ ọ́ sí i létí. Kò gùn. Omi lé ròrò sójú Níní, ó gbé orí lé èjìká ìyá mi. Ọkọ̀ ojú irin ń lọ.

Mo ní, "Kí ni wọ́n sọ?"

Níní mi orí. Mo yíjú sí Màámi. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀ pẹ̀lú ojú kan tó ń ríran yẹn.

"Kì í ṣe ìwọ ni mo mú wá sí sinimá."

Ọ̀rọ̀ tí Màámi àti Baàmi torí rẹ̀ fẹ́ra wọn, tí wọ́n torí rẹ̀ bí èmi àti Dọlápọ̀, inú yàrá kan náà ni mo wà, mi ò gbọ́ ọ. Inú bí mi títí di àkókò tí mò ń kọ èyí, inú mi sì ń dùn. Wọ́n ti tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mò ń gbọ́ orin rẹ̀ láti pálọ̀.